Imú Tí Kò Gbọ́

2

…nítorí náà kò tún sọ ọ́ mọ́. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò yé ẹni tó sọ ọ́ fún, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Títíloyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, Òun náà kò sì tíì dá sí i. Láti oṣù kejì ọdún, lẹ́yìn ibà ọjọ́ mẹ́sàn-án kan, imú Adétọ́lá ti kú. Ó wà lójú rẹ̀ bí imú àwọn ẹlòmíràn ṣe wà lójú wọn. Ó ń mí, ó ń sín, ó ń gbé dígí rẹ̀ ró. Òórùn nìkan ni kò gbọ́ mọ́.

Obìnrin tó jẹ́ pé imú ló fi ń jẹun.

(Ẹ má wá nọ́mbà kìíní. Tí a bá fẹ́ mu tíì yìí, omi àkọ́kọ́ la fi ń ṣan ewé, a ó sì dà á nù. Mo ti dà á nù.)

3

Ohun tó wà lára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Airport Road, ní Benin:

TÍÌ LA Ń TÀ NÍBÍ.
KÌ Í ṢE KÒKÓ.
A KÌ Í FI MÍLÍÌKÌ SÍ I.
ẸNI TÓ BÁ BÈÈRÈ ṢÚGÀ, ẸSẸ̀ TÓ GBÉ E WÁ NÁÀ NI YÓÒ GBÉ E LỌ.
BÚRẸ́DÌ WÀ NÍ ÒDÌKEJÌ TÍTÌ.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé: *Madam, which kind tea be dis?*

4

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Lẹ́nu àwa Yorùbá, tíì kì í ṣe ohun kan pàtó. Ohunkóhun tó bá ti gbóná, tó pọ́n rúsúrúsú, tó sì wà nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni. Ẹni tó ní òun mu tíì láàárọ̀ lè jẹ́ pé kòkó oníṣúgà ló mu. Èyí ló ń da Adétọ́lá láàmú láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á wọlé, á ní òun fẹ́ tíì, á rí ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ, á yẹ inú rẹ̀ wò, á wá gbójú sókè: "Madam, where the tea?"

Tíì tirẹ̀, ewé ni. Orí òkè gíga ní Taiwan ni wọ́n ti ń já a, níbi tí ìkùukùu ti máa ń jókòó sórí oko títí di ọ̀sán. Wọ́n á ká ewé náà títí yóò fi rí kóró kóró bí ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan án, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Tí iná bá kéré, koríko lo máa mu. Tí iná bá pọ̀, èédú lo máa mu. Tó bá ṣe déédéé, wàá gbọ́ ẹ̀pà yíyan nínú rẹ̀, wàá gbọ́ oyin. Nígbà tí o bá sì ti gbé e mì, tí o rò pé ó ti parí, adùn kan á tún yọjú láti inú ọ̀fun, bí àlejò tó gbàgbé fìlà, tó wá padà wá mú un.

5

Ọ̀gbẹ́ni Lín ló kọ́ ọ. Oníṣòwò rọ́bà ni, ará Taiwan. Ó gbé ní Ugbor, ní Benin níbí, fún ọdún mọ́kàndínlógún, Adétọ́lá sì se oúnjẹ fún un fún mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ọkùnrin náà ń yan tíì nínú kíṣìnnì, ó kọ ẹ̀yìn sí iná, ó ń bá fóònù jà. Adétọ́lá wà níta, ó ń sá aṣọ. Ó pariwo láti ojú fèrèsé:

"Sà! Ó fẹ́ jó o!"

Kò tíì jó. Ó kù díẹ̀. Ọkùnrin náà wo ewé, ó wo fèrèsé, ó wo obìnrin tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù léjìká.

Ìyá Adétọ́lá yan gàrí ní Ìjẹ̀bú fún ogójì ọdún. Ọmọ tí wọ́n tọ́ sẹ́bàá agbada, ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ ní òórùn iná?

6

Kò tíì jó. Kò tíì tán. Kò tíì kú.

Ẹ ò rí i pé tíì wà nínú gbogbo ohun tí kò tíì parí.

7

Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀gbẹ́ni Lín kò tó nǹkan. Ti Adétọ́lá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Yorùbá ni wọ́n wá fi ń se oúnjẹ. "Gbé e sọ̀kalẹ̀." "Ó kù díẹ̀." "Ó ti ń rùn bí gàrí." Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti ń gbọ́ èdè ìlú.

Ọdún kẹta ló wọ aṣọ funfun, ó lọ kí onílé rẹ̀, bàbá Bìní kan tó ti dàgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Bàbá náà wò ó títí. "My friend, who come teach you Yoruba for inside Benin?"

Ọ̀gbẹ́ni Lín délé, ó jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì. "Adé, Bìní kọ́ ni mo ń sọ?"

Adétọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló máa ń rántí tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ báyìí.

8

Láti orí fóònù Adétọ́lá, oṣù kọkànlá ọdún yìí. Ọ̀gbẹ́ni Lín kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Adétọ́lá ló máa ń fi ọkàn fi í sí i.

LIN: Ade. E ku ojo meta.
LIN: Mo n bo ni Satide. Ojo meji pere. Mo fe ti ilekun ile ise, ki n maa lo.
LIN: Agolo yen si wa?
ADÉTỌ́LÁ: Ó wà sà
LIN: Se o si n ta sansan?
*Adétọ́lá ń kọ̀wé…*
*Adétọ́lá ń kọ̀wé…*
ADÉTỌ́LÁ: Ó ń ta sánsán sà
LIN: Yan an ni Tosde. Ki o sinmi ojo meji.
LIN: Dokita sise lori ofun mi. Sugbon mo n bo.

9

Agolo yẹn.

Nígbà tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn ní 2020, àpò kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Lín gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Agolo tíì kan kù lórí pẹpẹ. Oko ìyá rẹ̀ ni tíì náà ti wá, ìkórè tó kẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ni ìyá kú, wọ́n sì ta oko. Kò sí òmíràn níbì kankan láyé.

Adétọ́lá ní òun á fi ránṣẹ́. Ó kọ̀. Ó ní, "Bá mi tọ́jú rẹ̀. Má jẹ́ kó kú. Ọwọ́ rẹ ni mo ti fẹ́ mu ún."

Òjò Benin máa ń wọ inú ohun gbogbo. Ó máa ń wọ iyọ̀, ó máa ń wọ Bíbélì nínú dúrọ́ọ̀. Tíì tí òjò bá ti wọ̀, àfi kí a tún un yan. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Adétọ́lá á da ewé náà sínú agbada ìyá rẹ̀, á fi imú ṣọ́ ọ, á sì dá a padà sínú agolo. Ó ń bù díẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Èyí tó kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Tó bá jó, ó tán nìyẹn.

10

Láti inú ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù:

*2020. Èmi nìkan ni mo yan án. Ẹ̀rù bà mí. Gàrí, ẹ̀pà, oyin. Oyin dé, mo gbé e sọ̀.*
*2021. Òjò pọ̀. Àpò ìrẹsì ló kọ́kọ́ ń rùn. Oyin pẹ́ kó tó dé.*
*2022. Oyin. Òdòdó díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sunkún, mi ò mọ ìdí.*
*2023. Oyin.*
*2024. Oyin. Ó ti ń dín kù.*
*2025.*

11

Ìgbà kan ṣoṣo tó gbìyànjú láti sọ ọ́ nìyí. Oṣù kẹta, lórí fóònù. Ẹni tó sọ ọ́ fún ni Olúwadámisí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tó wà ní yunifásítì níbí. Benin ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá. Kì í sọ ọ́.

ADÉTỌ́LÁ: Dámisí, nǹkan kan ń ṣe mí.
DÁMISÍ: Mummy, wetin happen?
ADÉTỌ́LÁ: Mi ò gbọ́ mọ́.
DÁMISÍ: Ehn?
ADÉTỌ́LÁ: Mo ní mi ò gbọ́ mọ́. Látìgbà ibà yẹn.
DÁMISÍ: MUMMY. YOU DEY HEAR ME NOW?
ADÉTỌ́LÁ: Kí ló dé tí o fi ń pariwo?
DÁMISÍ: DON'T WORRY. I DEY COME HOUSE.
ADÉTỌ́LÁ: Ó dáa.

12

Ìwé àyẹ̀wò. (Mo yọ orúkọ ilé ìwòsàn kúrò. Wọn kò ṣẹ̀.)

ETÍ Ọ̀TÚN: Ó dára.
ETÍ ÒSÌ: Ó dára.
ÌMỌ̀RÀN: Kí ìyá máa sinmi.

Adétọ́lá ì bá ti ṣàlàyé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ńṣì fún wákàtí mẹ́ta, dókítà ń wo aago, ọmọ rẹ̀ sì ti sá kíláàsì méjì nítorí rẹ̀, ó ń pariwo sí i létí níwájú gbogbo èèyàn: "MUMMY, YOU WAN DRINK WATER?" Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ etí àti imú. Ó mu omi.

13

Ohùn là ń gbọ́.

Èdè là ń gbọ́.

Òórùn là ń gbọ́.

Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: èwo?

14

Oṣù mẹ́jọ ni Dámisí fi ń pariwo. Oṣù mẹ́sàn-án ni Adétọ́lá fi ń ta tíì pẹ̀lú ojú àti aago. Ó ń wo àwọ̀ omi, ó ń ka ìṣẹ́jú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń gbádùn òórùn. Olùkọ́ yunifásítì kan, ará Èkìtì, tó máa ń yà níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, gbé ife sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Màmá, tíì yín ti yí padà o."

"Òjò ni, ọmọ mi," ni Adétọ́lá wí.

Kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sọ èyí. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì í gan-an lọ́jọ́ náà.

15

Kò sí ẹni tó gba èyí sílẹ̀. Bó ṣe lọ nìyí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ mẹ́fà kí Ọ̀gbẹ́ni Lín tó dé. Adétọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀wà, ó ń wo iwájú. Dámisí ti ojúde sáré wọlé.

DÁMISÍ: Mummy! Beans don burn! You siddon for front of am!
ADÉTỌ́LÁ: Ó ti jó?
DÁMISÍ: The whole compound dey smell. You no hear am?

(Dámisí gbé ìkòkò sọ̀. Ó wo imú ìyá rẹ̀.)

DÁMISÍ: You no hear am.
DÁMISÍ: Mummy. Na nose.
ADÉTỌ́LÁ: Imú ni.
DÁMISÍ: Since March I dey shout.
ADÉTỌ́LÁ: Etí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di báyìí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Dámisí sunkún, ìyá rẹ̀ sì ń ha ìdí ìkòkò.

16

"Ìwọ lo máa jẹ́ imú mi ní Ọjọ́bọ̀," ni Adétọ́lá wí.

"Me? Mummy, I no sabi that tea."

"O ní imú. Ọ̀rọ̀ ni o kò ní."

17

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn òórùn tí yóò tẹ̀lé ara wọn nínú agbada. Ọwọ́ Adétọ́lá ló kọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ Dámisí ni.

Koríko tí òjò pa . . . . . *football field*
Àpò gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú . . . . . *I know this one*
Ẹ̀pà nínú èèpo . . . . . *Ring Road*
Oyin tí iná kàn. GBÉ E SỌ̀KALẸ̀ NÍBÍ . . . . . *?*
Ìdí ìkòkò ẹ̀wà. Ó TI BÀJẸ́ . . . . . *Sunday*

*Láti oyin dé ìdí ìkòkò, kò ju kí o ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀mejì.*

18

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lọ sí ọjà Ekiosa, sọ́dọ̀ Títíloyè tó ń ta gàrí. Dámisí ki imú bọ àpò kan, ó yọ ọ́, ó ki í bọ òmíràn.

"Ìyá Dámisí," ni Títíloyè wí, "kí ni ọmọ yín ń fi imú wá nínú gàrí mi? Ṣé wọ́n ní ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni?"

"Iṣẹ́ ilé-ìwé ni."

"Iṣẹ́ ilé-ìwé! Ẹ rọra o, kó má sín sí i."

Dámisí gbójú sókè, ìyẹ̀fun wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. "This one dey sour pass."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ó…" Ó dúró. Gbogbo ìsọ̀ dúró dè é. "Ó kan."

Títíloyè pàtẹ́wọ́. "Háà! Ó kan! Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọmọ yìí, kíkan ló fi bẹ̀rẹ̀!"

19

Oyin kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀, ọkùnrin kan ru bàsíà ìgò oyin, ó ń polówó rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, Adétọ́lá ì bá ti ṣí ìgò kan, á gbé e símú, á sì dá a padà fún un láìsọ nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ìgò sókè sí oòrùn. Ó pọ́n dáadáa. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn.

Adùn nìkan ni ahọ́n lè jẹ́rìí sí. Ìyókù, imú ló ni ín.

Wọ́n délé, ó gbé oyin ṣíbí kan lé iná. "Fa òórùn yẹn dáadáa. Kí ló dà bí?"

"E dey smell like toffee."

"Oyin nìyẹn. Má gbàgbé rẹ̀ o."

Dámisí kò gbàgbé rẹ̀.

20

Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Imú nìkan ni kò dùn ún.

21

Ọjọ́bọ̀. Láti orí fóònù Dámisí, tó gbìyànjú láti fi Yorùbá kọ ọ́:

9:10. Edu ti pon. Mummy bu eeru bo o.
9:35. Ewe wo agbada. Mummy n fi owo ro o. Owo!! Ko jo o.
10:00. koriko
10:50. gari. I'm sure.
11:40. epa. Mummy n rerin.
12:15.

22

Fóònù náà ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

DÁMISÍ: Mummy, something don change.
ADÉTỌ́LÁ: Kí ni?
DÁMISÍ: I no know. E dey smell somehow.
ADÉTỌ́LÁ: Báwo ni *somehow*?
DÁMISÍ: Like flower. Like that big candle for chapel. E sweet, but… somehow.
ADÉTỌ́LÁ: Ṣé oyin ni?
DÁMISÍ: No. The honey na toffee. This one no be toffee at all.
ADÉTỌ́LÁ: Ó dá ẹ lójú?
DÁMISÍ: I sure.
ADÉTỌ́LÁ: Jẹ́ kó dúró, nígbà yẹn.

(Iná. Ọwọ́ tó ń ro ewé. Ẹnì kan ń ka Bàbá Wa wúyẹ́wúyẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta.)

DÁMISÍ: Oyin! Mummy, oyin! Gbé e… gbé e sọ̀!

23

Wọ́n tẹ́ ewé náà sórí àtẹ, wọ́n fẹ́ ẹ. Adétọ́lá kúnlẹ̀ tì í, ó bọ dígí, ó nu ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ó dúdú díẹ̀."

"E no good?"

"Ojú mi ni. Ojú àgbà."

Ó di ọmọ náà mú, ó gbé e mọ́ra pẹ̀lú eérú lọ́wọ́. Ó lọ dùbúlẹ̀, ó sì sun oorun ọ̀sán fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì. Ó sùn fọnfọn, ó ń hanrun.

24

Ọjọ́ Ẹtì. Títíloyè gbé gàrí wá fún àlejò tó ń bọ̀. Adétọ́lá wà ní balùwẹ̀. Títíloyè rí ìgò oyin lórí tábìlì, ó kán díẹ̀ sórí ìka, ó gbé e símú, kò tiẹ̀ lá a.

"Ta ló ta ṣúgà sísè yìí fún yín?"

"Na honey, Aunty."

"Oyin wo? Oyin ilé ta?" Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan jáde, èyí tó ń lá nítorí ikọ́. Ifọ̀n ni wọ́n ti mú un wá, ìdin oyin ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ, gbóòórùn èyí."

Dámisí gbóòórùn rẹ̀.

25

*Somehow.*

26

Àwọn ọ̀rọ̀ tí Dámisí kọ sórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì, tí kò fi ránṣẹ́:

~~Mummy, that honey~~
~~Mummy I wan tell you something, no vex~~
~~Mama~~
~~Oyin ko~~
~~Ó ti kọjá oyin~~

(Èyí tó kẹ́yìn ní àmì lórí. Ó wá àmì náà fún ìdajì wákàtí.)

27

Sátidé. Ẹsẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Lín fi rìn láti pápákọ̀ òfuurufú, kò jìnnà. Ó ti gbẹ. Ó we síkáàfù mọ́rùn nínú ooru yẹn. Ó dúró níwájú páálí ẹnu ọ̀nà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó dé orí búrẹ́dì.

"Ẹ kú ilé, Adé." Ohùn rẹ̀ há, bí ẹni tí gàrí há lọ́fun.

"Ẹ káàbọ̀, sà." Ó kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó lè dìde, orúnkún ni.

28

Ìwé aláwọ̀ búlúù, ojú ewé àkọ́kọ́:

*Jẹ́ kí omi hó gan-an. Má dá ẹni tó ní kó tutù lóhùn.*
*Fi omi gbígbóná mú ara ìkòkò gbóná.*
*Ewé: kó ṣáà bo ìdí ìkòkò. Ewé á là, á wá àyè.*
*Omi àkọ́kọ́, dà á nù.*
*Omi kejì, ka ogójì.*
*Omi kẹta, ka ọgbọ̀n. Ewé ti là.*
*Lẹ́yìn náà, máa fi mẹ́wàá mẹ́wàá kún un.*
*Tó bá di omi keje, jẹ́ kó sinmi. Ìwọ náà, sinmi.*

29

Ọwọ́ Adétọ́lá kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ṣan ìkòkò, ó da omi, ó ka ogójì láìṣí ẹnu. Ó bu ife mẹ́ta. Ó mu tirẹ̀. Omi gbígbóná ni, ìkorò díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìkorò tíì ni àbí ìkorò èédú? Kò mọ̀. Ó wo ojú Ọ̀gbẹ́ni Lín, ó ń wá a níbẹ̀.

Fóònù Dámisí wà lórí tábìlì, ó ń gba ohùn sílẹ̀. (Àmì ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Lín, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ló fi í sí i.)

LÍN: Adé.
ADÉTỌ́LÁ: Sà.
LÍN: Wọ́n fi iná ẹ̀rọ sí mi lọ́fun ní ọsibítù. Oṣù mẹ́fà. Ahọ́n mi kú. Imú mi náà kú.
LÍN: Ohun gbogbo ti di omi gbígbóná. Mo mọ̀ kí n tó wá.
ADÉTỌ́LÁ: Kí lẹ wá wá ṣe, sà?
LÍN: Mo wá kí o sọ fún mi. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Oko ìyá mi. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?

30

Ó lè parọ́. Irọ́ náà wà nínú ìwé búlúù, ọdún márùn-ún gbáko: oyin, oyin, òdòdó díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Irọ́ dídùn ni, àánú sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó ti ń gbé òkú imú kiri bí ẹni tó gbé àgbá omi sórí, tí kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ó gbé e sọ̀.

ADÉTỌ́LÁ: Ọ̀gá, imú tèmi náà ti kú. Láti oṣù kejì.
ADÉTỌ́LÁ: Ẹ má bínú. Ọmọ mi ló fi imú ṣọ́ ọ. Òun ló yan án.

(Ariwo kan. Ó jọ ikọ́. Ẹ̀rín ni.)

LÍN: Èmi àti ìwọ, Adé. Bìní kọ́ la ń sọ.

31

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gbẹ́ni Lín fi di ọ̀fun mú, tí Adétọ́lá fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yíjú sí Dámisí.

Ó gbé ife rẹ̀. Jíjó ló kọ́kọ́ dé. Ìdí ìkòkò ẹ̀wà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè mọ̀ ọ́n. Ó gbé e mì. Ó dúró. Nǹkan kan fẹ́ yọjú láti inú ọ̀fun, lábẹ́ jíjó náà, bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Tàbí ó kàn ń fẹ́ kó yọjú ni.

Ọ̀gbẹ́ni Lín ti gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bí ọmọ tó ń retí àlọ́.

"Dámisí," ni màmá mi wí. "Ṣé o gbọ́ ọ? Sọ ọ́ ní Yorùbá."

32

Mo gbọ́ ọ.